Iná inú ilé ọmọláńgidi: téèpù bàbà, wáyà, bátìrì àbí USB, èwo ni kí ẹ mú?

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, iná pálọ̀ kú nínú ilé ọmọláńgidi ọmọ mi. Kíṣìnì ń tàn, òkè ń tàn, àmọ́ pálọ̀ àti yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Mo yọ gílóòbù, mo fi bátìrì dán an wò, ó tàn. Àṣé ìṣó idẹ kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló ti tú díẹ̀ kúrò lára téèpù bàbà tó ń gbé iná lábẹ́ bébà ògiri, lẹ́yìn pẹpẹ ìwé tí èmi fúnra mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bébà yẹn, òdòdó wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀, odindi ọjọ́ kan ni mo fi tò ó kí òdòdó lè bá òdòdó mu. Mo mú ọ̀bẹ, mo wo ògiri, mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gé e.

Bí wọ́n bá ń ta ohun èlò iná ilé ọmọláńgidi fún wa, bó ṣe ń tàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi hàn wá. Kò sí èyí tí kì í tàn dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi báyìí kí n tó náwó ni pé: lọ́jọ́ tí iná yìí bá kú, ibo ni ọwọ́ mi máa gbà dé ibi tó ti bàjẹ́? Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti gbìyànjú nínú ilé mẹ́ta. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, torí náà ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n síwájú yín.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ilé tí mò ń sọ ni ti ìwọ̀n 1:12, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi di íǹṣì kan. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n fi kọ́ ilé ọmọláńgidi Queen Mary, èyí tí Sir Edwin Lutyens ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti 1921 sí 1924, tó wà ní Windsor Castle títí di òní. Iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, omi wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kódà ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. A kì í ṣe ọba, àmọ́ ìwọ̀n yẹn náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fìtílà kéékèèké tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bá mu. Ẹni tí ilé tirẹ̀ bá jẹ́ 1:24 tàbí 1:48 á nílò ohun tó tún tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá kàn án níwájú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ipò tí ilé náà wà. Ṣé pákó lásán ni, tí ẹ kò tíì tò pọ̀, àbí wọ́n ti kùn ún lọ́dà tán, bébà ti wà lára ògiri, àga ti wà ní pálọ̀? Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ta ni yóò máa wọnú rẹ̀: ọmọ ọdún márùn-ún tí yóò máa fa fìtílà bí ẹni já ewé, àbí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé e sórí tábìlì kí àlejò máa wò ó? Ibo ni iná yóò ti wá, ara ògiri àbí ibòmíràn? Gílóòbù mélòó lẹ fẹ́? Owó náà ńkọ́? Owó ọ̀hún tún pín sí méjì, èyí tí ẹ ó san lónìí àti èyí tí ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀ títí ayé ilé náà. Àtúnṣe ló gbẹ̀yìn, òun ni mo sì fún ní máàkì ìlọ́po méjì nítorí ohun tójú mi rí.

Ohun kan wà tí mi ò fi sínú ìfiwéra rárá. Iná 230V ti ara ògiri kò gbọdọ̀ wọ inú ilé ọmọláńgidi, ì báà ṣe ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ wáyà jù ládùúgbò. Láti 12V lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ mú gílóòbù kí ẹ tó mú wáyà

Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí: wọ́n á ra wáyà, wọ́n á tẹ́ ẹ tán, wọ́n á wá máa wá gílóòbù tó bá a mu. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ni gílóòbù olókùn, tí okùn inú rẹ̀ máa ń gbóná kí ó tó tàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní hóró àlìkámà, bó ṣe rí náà nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ tó kéré sí i ni hóró ìrẹsì. 12V ló ń jẹ, ẹyọ kan a máa fa bíi 60mA (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó dà bí iná ilé ìyá àgbà, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jọjọ. Àmọ́ ó ń gbóná, kò yẹ kó fara kan bébà tàbí aṣọ. Bí ẹ bá fún un ní 10V dípò 12V, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì gùn dáadáa.

Èkejì ni LED, gílóòbù kékeré tí kò ní okùn nínú. Èyí tó funfun ń jẹ nǹkan bíi 3V àti 20mA, kì í sábà gbóná, ó sì ń pẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á. 2700K sí 3000K ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Èyí tí wọ́n bá kọ 6000K sí lára á sọ pálọ̀ yín di ṣọ́ọ̀bù oògùn. LED ní pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù: bí ẹ bá fi orí rẹ̀ sódì, kò ní tàn. Kò sì fẹ́ AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀; DC ló fẹ́, èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà ilé ọmọláńgidi àtijọ́, ìyẹn àpótí tó ń sọ iná ògiri di kékeré, 12V AC ló ń pọ̀ jáde. Kò kan gílóòbù olókùn, àmọ́ LED á máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀, ó sì lè kú kó tó pẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sórí LED, ẹ wá adápítà tí wọ́n kọ DC sí lára.

LED 3V kò lè gbé 12V lójúkojú, rẹsísítọ̀ ló ń bá a dín iná kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. 12V yọ 3V, ó ku 9V. Ẹ fi 0.02 (20mA náà ni, tí a bá fi A kà á) pín 9, ó jẹ́ 450. Rẹsísítọ̀ 470 ohm lẹ ó rí rà lọ́jà, ọ̀kan fún LED kọ̀ọ̀kan. Ti tiransifọ́mà náà rọrùn: 10W lórí 12V jẹ́ 0.83A, ó lè gbé gílóòbù olókùn mẹ́tàlá bí ẹ bá fún un dé góńgó. Èmi kì í kọjá mẹ́wàá, torí kò sí ẹni tó ń ru ẹrù dé ibi tí ọrùn rẹ̀ lè gbé mọ. LED ńkọ́? Tiransifọ́mà kan náà, bó bá jẹ́ DC, lè gbé ogójì.

Téèpù bàbà

Téèpù pẹlẹbẹ ni, ilà bàbà méjì ló sáré lójú rẹ̀ bí ojú irin rélùwéè, ọ̀rá tín-ín-rín ló gbé wọn dání, gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí kò tíì ní nǹkan kan lára, ẹ ó fi bébà ògiri tàbí ọ̀dà bò ó, tiransifọ́mà kan ṣoṣo á sì máa bọ́ gbogbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fìtílà síbì kan, ẹ ó gún ìṣó idẹ kékeré méjì wọlé, ọ̀kan lórí ilà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti dùn jù nìyẹn: lẹ́yìn tí ilé ti parí, tí ìyàwó bá ní òun fẹ́ fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì dípò àárín àjà, ẹ lè gbé e síbẹ̀ láì lu ihò, bí téèpù bá ṣáà ti gba ibẹ̀ kọjá.

Igun ògiri ló máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Ẹ má gé e níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ téèpù padà sórí ara rẹ̀, kí ojú gọ́ọ̀mù wá kọjú sókè. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì ní ìdábùú sí ọ̀nà tí ẹ ń lọ, ojú gọ́ọ̀mù á padà sísàlẹ̀, ilà méjèèjì á yí láì pàdé ara wọn. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ibi tí téèpù méjì bá ti pàdé, ìṣó mẹ́rin ni, méjì lórí ilà kan, méjì lórí ìkejì. Tẹ́sítà rẹ̀ ní ẹnu abẹ́rẹ́ méjì àti gílóòbù kékeré kan. Ẹ gún un wò lẹ́yìn ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìgbà tí gbogbo ilé bá parí tán.

Àìlera rẹ̀ ni ìṣó yẹn. Kò sí ohun tó so ó mọ́ bàbà ju pé ó fún mọ́ ọn lọ. Nígbà òtútù tí a bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná, pákó a gbẹ, a sún kì. Tí òjò bá dé, a wú. Ọdún kan, ọdún méjì, ìṣó a máa tú díẹ̀díẹ̀, bàbà náà a sì máa dúdú lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti so wáyà pọ̀, kì í ṣe LED) jó orí ìṣó kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ bàbà ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn, àmọ́ kí ọwọ́ yá, torí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ń yọ́. Èmi ò jó tèmi. Mo ní kò pọn dandan. Bákan náà, bí ìṣó kan bá fẹ̀ tó láti kan ilà méjèèjì, iná ti gba ọ̀nà àbùjá láti ilà kan sí èkejì nìyẹn, tiransifọ́mà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lórí MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, ẹ lu ihò kékeré síwájú kí ẹ tó gbá ìṣó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni yóò ká kò.

Ní ti owó, ìbẹ̀rẹ̀ ló wọ́n: téèpù, ìṣó, tẹ́sítà, ẹ̀rọ ìgbáṣó kékeré àti tiransifọ́mà, ẹ ó rà wọ́n pọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, fìtílà nìkan lẹ ó máa rà.

Àtúnṣe ńkọ́? Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ẹ ó máa gún tẹ́sítà gba orí bébà kọjá lẹ́sẹẹsẹ, ihò rẹ̀ kò tó ohun tí ojú ń rí, títí ẹ ó fi rí ibi tí iná wà àti ibi tí kò sí mọ́. Àárín méjèèjì ni àrùn wà, ẹ ó sì gún ìṣó tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bí ọ̀nà bá là. Pẹpẹ ìwé ló dí tèmi lọ́nà.

Wáyà

Àwọn tó ń fi wáyà ṣe é kò gbà pé ó yẹ kí á fi nǹkan kan pamọ́ síbi tí ọwọ́ ò lè dé, mo sì ti wà lẹ́yìn wọn báyìí. Fìtílà kọ̀ọ̀kan ti ní wáyà tín-ín-rín tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ ó lu ihò mílímítà méjì sí àjà, ẹ ó fa wáyà gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ yàrá òkè, ẹ ó fi ọ̀bẹ gé ojú ọ̀nà tóóró kan sójú pákó ibẹ̀ kí wáyà lè sùn sínú rẹ̀, ẹ ó sì fà á yọ sẹ́yìn ilé. Gbogbo wọn á pàdé níbẹ̀ lẹ́nu kọnẹ́kítọ̀ onísúkúrúù, ẹ ó fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹ̀yìn, ẹ ó fi súkúrúù mẹ́rin dè é. Bébà ilẹ̀ yàrá òkè, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí ẹ wá tẹ́ páálí náà sílẹ̀ bí ẹní. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ó ká ẹní.

Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Yàrá mẹ́fà gbà mí ní Sátidé méjì gbáko, ihò kan sì yọ síbi tí mi ò fẹ́, mo wá fi àwòrán bò ó. Ohun mìíràn tí kò dáa nínú rẹ̀ ni pé ibi tí ihò bá wà ni fìtílà máa wà. Ẹni tó bá máa ń yí ọkàn padà lórí ibi tí nǹkan yóò wà, kó ronú dáadáa.

Àmọ́ ẹ wo èrè rẹ̀. Fìtílà kọ̀ọ̀kan lè ní súwíìṣì tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ ó tú súkúrúù kan, ẹ ó fi ẹnu wáyà kan bátìrì 9V (bó bá jẹ́ LED, kí rẹsísítọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, kí ẹ má sì fi orí rẹ̀ sódì): bó bá tàn, fìtílà kò ní àrùn, kọnẹ́kítọ̀ lẹ ó wò; bí kò bá tàn, gílóòbù tàbí wáyà ni. Mi ò tíì lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí ẹ̀bi kankan nínú ilé tí mo fi wáyà ṣe.

Wáyà yìí tín-ín-rín, bíbó rẹ̀ ló máa ń ṣòro. Ìgékáná ni mo fi ń bó tèmi: ẹ rọra fún un mọ́ ara rọ́bà, ẹ yí wáyà díẹ̀, ẹ fà. Kò gé bàbà inú rẹ̀ bíi ti ọ̀bẹ. Ẹ sì fi wáyà díẹ̀ sílẹ̀ kó dẹ̀ lókè ihò, nítorí ọmọdé á fa fìtílà yẹn, etí ihò ni wáyà sì ti máa ń já.

Fún ilé 1:24 àti 1:48, àwọn LED tó kéré bí orí ìṣáná wà, tí wọ́n ti jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun mọ́ lára. Ẹ rántí pé ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ló wà lára wáyà yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ họ ẹnu rẹ̀ kó tó lè gbé iná.

Ní ti owó, òun ló rọjú jù tí gílóòbù bá ti lé ní mẹ́rin. Kọnẹ́kítọ̀ ò wọ́n, wáyà ti bá fìtílà wá, tiransifọ́mà nìkan lẹ máa náwó gidi lé lórí.

Bátìrì

Ọ̀nà yìí ni mo máa ń rán ẹni tí kò fẹ́ wàhálà sí. Fìtílà LED ni, bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì wà nínú rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ló mú un dání. Ẹ ó lẹ irin róbótó kékeré kan mọ́ àjà, fìtílà á fò mọ́ ọn, ó parí. Kò sí wáyà, kò sí ihò. Ilé tí a ti parí pátá, ilé àtijọ́ tí a jogún, ilé tí kì í ṣe tiwa: mi ò rí ohun tó dára jù ú lọ fún un. Máàkì àtúnṣe rẹ̀ pé, torí ẹ kàn máa yọ fìtílà bí ẹni já ọsàn ni.

Owó kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà níbí. Bátìrì kọ́ìnì tí wọ́n ń pè ní CR2032 jẹ́ 3V, agbára inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 220mAh. Bí LED bá ń fa 20mA, wákàtí mọ́kànlá ni ìṣirò sọ, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọmọ kàn gbàgbé rẹ̀ láì pa á lálẹ́ ọjọ́ kan ni, ó di òwúrọ̀, ẹ tún wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi yàrá mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀.

Èyí tó wúwo jù ú lọ rèé. Bí ọmọdé bá gbé bátìrì kọ́ìnì mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí méjì. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ilé tí ọmọ kékeré bá wà, àyàfi èyí tí wọ́n fi súkúrúù dé ẹnu ilé bátìrì rẹ̀, kì í ṣe èyí tí èékánná lè ṣí. Bí ẹ bá sì fura pé ọmọ ti gbé e mì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò yàgbẹ́ rẹ̀.

Àárín méjì wà fún ẹni tó fẹ́: àpótí bátìrì AA mẹ́ta, 4.5V, tí ẹ lè fi pamọ́ sínú òrùlé, kí wáyà máa ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí LED pẹ̀lú rẹsísítọ̀ kékeré. AA pẹ́ ju kọ́ìnì lọ fíìfíì, kò sì rọrùn fún ọmọdé láti gbé e mì.

USB, power bank, àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀n iná

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà n'Ìbàdàn kọ́ ilé kan fún ọmọ rẹ̀, pẹtẹ́ẹ̀sì alákọ̀ọ́dì, pílíwúùdù lásán, ó dùn-ún wò. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, tiransifọ́mà tí ẹ ń sọ yìí, ìgbà wo ni iná NEPA máa wà tí n ó fi lò ó? Ṣé kí n tan jẹnẹrétọ̀ fún ọmọláńgidi ni?" Ó rí i sọ. USB ni mo sọ fún un: 5V, LED, rẹsísítọ̀ 100 ohm fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wáyà bíi ti òkè yìí náà, power bank lẹ́yìn ilé.

Ó so LED méjì àkọ́kọ́, wọ́n tàn, nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n kú. Ó tẹ power bank, wọ́n tàn, wọ́n tún kú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú gbogbo wáyà sílẹ̀ kí n tó rántí. LED méjì ò fà ju 40mA lọ, ọ̀pọ̀ power bank sì máa ń pa ara rẹ̀ tí ohun tó ń jáde bá kéré báyẹn. Ńṣe ni power bank á rò pé fóònù tí òun ń ṣájì ti kún. Ìgbà tí ó so LED mẹ́fà pọ̀, 120mA, kò kú mọ́. Àwọn power bank kan ní ipò pàtàkì fún ohun tí kì í fa iná púpọ̀. Ṣájà fóònù lásán kò ní ìṣòro yìí.

Wọ́n tún ń ta LED gígùn onígọ́ọ̀mù tí ń jẹ 5V, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó kún Alaba. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fúnni, kò jọ fìtílà. Ẹ fi í pamọ́ sẹ́yìn igi àjà. Ẹni tó ní bátìrì sólà 12V nílé lè ti ibẹ̀ fa iná wá, kó kàn fi fíúùsì 1A sí i, kó sì mọ̀ pé nígbà tí sólà bá ń rọ iná sí bátìrì náà, ó lè ju 14V lọ, gílóòbù 12V kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ara àpótí iná yín kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ra ilé kan wá fún wa, tòun ti tiransifọ́mà rẹ̀. Mo fi adápítà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo tẹ súwíìṣì. 120V ni wọ́n kọ sí i lára. 230V ló ń jáde lára ògiri wa níbí, bákan náà ni Nàìjíríà. Adápítà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò yí iná padà, ẹsẹ̀ lásán ló yí. Òórùn rẹ̀ ò kúrò ní pálọ̀ fún ọjọ́ méjì. Èyí tí ẹ fẹ́ rí lára rẹ̀ ni 100–240V.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ilé bá ṣì jẹ́ pákó lásán, tí ọwọ́ yín sì gba lílu ihò, ẹ mú wáyà. Mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú lórí èyí. Ẹ lo LED 3000K lórí adápítà 12V DC, tàbí lórí USB bí iná ìjọba kì í bá dúró lọ́dọ̀ yín.

Téèpù bàbà, ẹni tó ń kọ́ ilé àfihàn ni mo máa ń fún, tí ògiri rẹ̀ tẹ́jú, tó mọ̀ pé fìtílà òun yóò pọ̀, tí yóò sì máa yí ipò wọn. Kó jó ìṣó rẹ̀ ní lẹ́ẹ̀dì. Kó ya àwòrán ibi tí téèpù gbà kọjá sórí ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ilé. Ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí tí ògiri ilé rẹ̀ wọ́, kó má ṣe é.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí, tí kò sì ju yàrá méjì mẹ́ta lọ tó fẹ́ tan iná sí, bátìrì kọ́ìnì tó bá fún ara rẹ̀ ni; AA inú òrùlé bó bá jẹ́ ti ọmọ. Bí yàrá bá ti tó mẹ́rin, ẹ ṣírò owó bátìrì ọdún kan kí ẹ tó sọ pé ó rọjú, ẹ ó rí i pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra tiransifọ́mà.

Ẹni tó jogún ilé tó ti ní téèpù nínú tẹ́lẹ̀ kò ní láti tú u. Ẹ ra tẹ́sítà nìkan, ẹ wá ibi tí iná dúró sí. Bó bá jẹ́ yàrá kan ló kú, ẹ fi téèpù náà sílẹ̀ lábẹ́ bébà, kí ẹ fa wáyà tuntun gba etí àjà lọ sẹ́yìn.

Ohun tí mo padà ṣe sí pálọ̀ ọmọ mi nìyẹn. Ibi tí mo gé bébà hàn díẹ̀, òdòdó kan ò bá èkejì mu mọ́. Mo ti gbé pẹpẹ ìwé padà síwájú rẹ̀, àmọ́ gọ́ọ̀mù kọ́ ni mo fi mú un lọ́tẹ̀ yìí, ìda ni.